Ọmọ Mi Oníròyìn

Bí ẹ bá gba Kudirat Abiola Way kọjá ní Oregun láàárọ̀, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ tábìlì fẹ́ńdọ̀, tó ń ka àkọlé ìwé ìròyìn tí kò ní í rà, tó sì ń tìtorí ẹ̀ bá ará ọ̀nà jiyàn, èmi nìyẹn. Mo ti tìtorí ẹ̀ pẹ́ dé ibi iṣẹ́ títí, mi ò gbọ́n.

Ní ọjọ́ 26 oṣù October 2022, Godwin Emefiele, gómìnà báńkì àpapọ̀, kéde pé wọ́n máa pààrọ̀ 200, 500 àti 1,000 náírà, pé tó bá ti di 31 January, ti àtijọ́ ò ní í ṣe é ná mọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí mo ti kó 87,000 náírà abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi lọ sí báńkì. Kò tó mi, mo tún di ajíhìnrere. Mo lọ bá ìyá alámàlà àdúgbò wa.

"Mà, ẹ kówó yín lọ sí báńkì o! Ó ti fẹ́ẹ́ di bébà!"

Wọ́n da gbẹ̀gìrì lé àmàlà mi. "O ṣeun, ọmọ mi oníròyìn. Pọ̀nmọ́ mélòó?"

Ìjọba sún ọjọ́ náà sí 10 February, ṣùgbọ́n owó tuntun dà? Ẹ̀rọ báńkì gbẹ. Oní-POS ń gba 2,000 lórí 10,000. Mo fi tiransífà ránṣẹ́ ní Monday, ó dé ní Thursday. Èmi tí mo lówó ní báńkì wá ń jẹ àmàlà àwìn lọ́dọ̀ ẹni tí mo wàásù fún!

Inú bí mi. Mo pa rédíò, mo sì ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ síbi iṣẹ́ kí n má baà rí fẹ́ńdọ̀. Ní Thursday, 2 March, mo fẹ́ fọ ṣòkòtò kan, mo bá 1,000 àtijọ́ mẹ́rin lápò ẹ̀. Ọmọkùnrin kan ní òun á fún mi ní 1,500 tuntun. Mo gbà á, mo tún ṣàdúrà fún un.

Lọ́jọ́ kejì, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kí wọ́n máa ná owó àtijọ́ lọ títí di 31 December. Ìyá alámàlà ló sọ fún mi, lórí orógùn. Ẹnu fóònù oníbàárà kan ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Nígbà tó yá, wọ́n fa agolo Milo kan yọ lábẹ́ àga, owó kún un dẹ́nu.

Mo gbọ́ ìròyìn, mo jìyà. Mo ṣíwọ́, mo tún jìyà. Àwọn oníròyìn ò purọ́ fún mi o. Ohun tí ìjọba ní àwọn fẹ́ ṣe ni wọ́n kọ. Ohun tí ìjọba ò ní lè ṣe ni kò sí lójú ìwé iwájú.

Ọjọ́ 31 December yẹn ti kọjá, àmọ́ wọ́n ṣì ń ná owó àtijọ́ náà di òní. Ìyá alámàlà fi 500 àtijọ́ ṣe ṣéńjì fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo wò ó títí.

"Ọmọ mi oníròyìn, ṣé kò dáa ni?"

Mo ní ó dáa, mà.