Àgbá Òfìfo Tó Dùn Létí

Àgbá òfìfo ló máa ń pariwo jù. Ẹni tí wọ́n bá fi òwe yìí bú kì í gbàgbé bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó ń pa á náà ló ń jó sí agídìgbo. Kí ló wà nínú agídìgbo? Afẹ́fẹ́ ni. Pákó tí a kàn pọ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ lójú rẹ̀, ó tán. Ká ní wọ́n rọ iyanrìn kún inú rẹ̀ ni, àpàlà Haruna Ìṣọ̀lá ì bá má dùn tó bẹ́ẹ̀.

Paul Klipsch ti ìlú Hope, ní ìpínlẹ̀ Arkansas l'Amẹ́ríkà, mọ iyì òfìfo. Ní 1946 ló dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ tó ń ta Klipschorn, sípíkà gàgàrà tó ga dé àyà géńdé, tí wọ́n ṣe fún kọ̀rọ̀ ilé. Ìwo tó ká kò ló wà nínú rẹ̀. Ògiri méjì tó pàdé lẹ́yìn rẹ̀ ló parí ẹnu ìwo náà. Fún un ní wáàtì kan péré, kí o dúró ní mítà kan sí i, ohùn á tó nǹkan bíi desíbẹ́lì 105. Wọ́n ṣì ń ṣe é dòní. Ẹni tí yóò gbà á sí pálọ̀ láìjà ló ṣọ̀wọ́n.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ọlọ́jà á fa sípíkà oníke jáde, iná pupa àti búlúù á máa ṣẹ́jú lára rẹ̀. "Alhaji mi, wáàtì 5000 nìyí o!" Lẹ́tà PMPO tó tẹ̀lé 5000 yẹn lára páálí rẹ̀ kò ní òṣùwọ̀n kan tí gbogbo ayé fọwọ́ sí, iye tó bá wu oníṣẹ́ ló ń kọ. Ẹ yí i padà, ẹ lè rí i lẹ́yìn rẹ̀ pé wáàtì 60 ni iná tó ń jẹ. Ta ló jẹ òkèlè 60 rí tó bi 5000?

Bí ẹ bá sì gbé ohùn sókè, ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á fi ariwo tirẹ̀ bo orin. Gángan á máa ki ènìyàn, ẹ ò ní mọ ẹni tó ń kì. Kò kan onílé. Àlejò ti ní "ó mà rẹwà o", ó ti tó. (Ojú ni wọ́n fi ń gbọ́ orin báyìí.) Bẹ́ẹ̀, káfíńtà àdúgbò fi pílíwúùdù tó nípọn kan àpótí ràgàjì fún ilé ọtí, kò tilẹ̀ kùn ún, ìṣó yọ orí síta, béèsì rẹ̀ sì ń jáde ketekete, nítorí pé àyè wà nínú rẹ̀.

Àgbá wo wá ni òwe ń bá wí? Kì í ṣe ti Klipsch, kì í ṣe ti káfíńtà. Páálí tí wọ́n kọ 5000 sí ni, àti ẹni tó gbé e relé.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra sípíkà tuntun, ẹ gbé orin Haruna Ìṣọ̀lá sórí fóònù yín lọ sọ́jà. Ẹ ní kí wọ́n pa iná ara rẹ̀, kí ẹ dijú. Bí ẹ ò bá gbọ́ ohun tí ìlù ń wí, ẹ dá owó yín padà sápò.