Adìẹ Ń Wọkọ̀ Òfurufú Lọ Bá Afẹ́fẹ́

Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí gbà pé adìẹ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i, pé afẹ́fẹ́ ló ká a mọ́. Wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí adìẹ Ọ̀fà yóò dá àjọ, yóò sanwó ọkọ̀ òfurufú lọ dúró síwájú afẹ́fẹ́, yóò tún gbé fóònù fún ẹlòmíì pé, "Jọ̀ọ́, bá mi yà á dáadáa."

Àwọn ọ̀dọ́ kan ládùúgbò wa ló ń múra ìrìnàjò. Santa Maria ni wọ́n ń lọ, ní erékùṣù Sal ní Cape Verde, níbi tí èèyàn ti ń dúró lórí pátákó tó ní ìgbòkun, tí afẹ́fẹ́ ń gbé e sáré lórí òkun. Eré gidi ni o. Ó ti wọ Òlíńpíìkì láti 1984. Físà kò sì dá wọn dúró, àdéhùn ECOWAS ọdún 1979 ti ṣílẹ̀kùn 90 ọjọ́ fún wọn.

Láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kẹta, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í sábà sinmi. Láti àríwá ìlà oòrùn ló ti ń fẹ́ wá. Ọyẹ́ tiwa ńkọ́? Láti ibẹ̀ náà ni. Ọ̀fẹ́ ló ń wá sán wa létè nílé. Ìjì àkọ́rọ̀ òjò náà kò gbowó nígbà tó ṣí páànù ilé bàbá ọ̀kan nínú wọn lọ́dún tó kọjá. Tapólì ló ṣì wà lórí yàrá ìyá rẹ̀ dòní. Ìyá ní, "Ṣé afẹ́fẹ́ tiwọn yàtọ̀ ni?" Ó ní, "Màmá, ẹ ò lè mọ̀. Tiwọn kò ní eruku." Irọ́ funfun! Eruku Sàhárà ń dé Sal. Ìgbà mìíì wà tó ń ṣú bolẹ̀ tí ọkọ̀ òfurufú kò fi ní lè balẹ̀.

Gúúsù ni etíkun Santa Maria kọjú sí, nítorí náà ńṣe ni afẹ́fẹ́ yìí ń ti èèyàn kúrò létí ilẹ̀ lọ sí agbami. Ìgbòkun tó bá sì ṣubú, okùn ni wọ́n fi ń fà á dìde, omi tó gùn ún á máa fà á padà. Lóòótọ́, ìjàkadì lorò Ọ̀fà, àmọ́ orí ilẹ̀ la ti ń dá ara wa. Ẹni tó mọ omi jù nínú wọn, láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì ló ti ń wo odò Ọ̀yun.

Ètò ń lọ ní pẹrẹu lórí WhatsApp ṣá. Wọ́n ti dáwó fìlà, wọ́n ti yan ẹni tí yóò máa ya fídíò. Àwọ̀ àǹkóò nìkan ló kù tí wọ́n ń jà sí. Nígbà tí ẹnì kan béèrè ibi tí wọ́n ti lè kọ́ odò wíwẹ̀, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú gúrúùpù.