Ìjàpá, Ọ̀pọ̀lọ́ àti Àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo. Ó dá lórí Ọ̀pọ̀lọ́ Ìdànrè. Ó tún dá lórí ọ̀wọ́ ẹranko kan tí wọ́n mọ Jàpáànì bí ẹni mowó, tí wọn ò mọ iye àtẹ̀gùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn.

Ní ayé àtijọ́, àtijọ́ tí kò tíì pẹ́ púpọ̀ o, torí pé fóònù ti dáyé, àwọn ẹranko ń gbé lórí Òkè Ìdànrè, nínú ààfin àtijọ́ Ọwá. Àwọn ènìyàn ti kó sọ̀kalẹ̀ lọ sí Odòde tipẹ́, wọ́n fi ààfin, kóòtù àti ọgbà ẹ̀wọ̀n sílẹ̀ lókè. Ewúrẹ́ gba kóòtù. Ọ̀bọ gba òrùlé. Ìjàpá lọ jókòó síbi tí ìtẹ́ wà tẹ́lẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ ló ń ro òun.

Nígbà ọdún Àjíǹde kan tí èrò gun òkè, àlejò kan gbàgbé fóònù síbi tí wọ́n ti ń sinmi lójú àtẹ̀gùn. Ọ̀bọ gbé e. Ẹmọ́ ń lọ ṣa kòkó nínú oko olóko ní Aládé, ó ń tà á, owó rẹ̀ ni wọ́n fi ń ra dátà. (Ìdànrè ni, bí kòkó ò bá sanwó nǹkan níbẹ̀, kí ni yóò san án?) Òwìwí tí kì í sùn lóru ló kọ́kọ́ rí Wikipẹ́díà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pe ìpàdé.

"Ìwé kan wà tí gbogbo ayé ń kọ láti 2001," ni Òwìwí wí. "Wọn kì í sanwó fún ẹni tó ń kọ ọ́. Èdè tó wà níbẹ̀ lé ní 300, Yorùbá sì ti wà láàárín wọn láti 2002. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́, ẹnikẹ́ni ló lè tún un kọ, ẹnikẹ́ni ló lè jẹ ẹ́ kúrò."

Ewúrẹ́ gbé orí sókè. "Ẹ fi ti jíjẹ yẹn sílẹ̀ fún mi."

Wọ́n wá ń jiyàn nípa ohun tí wọn yóò kọ. Òwìwí ní òun ti rí ẹgbẹ́ kan nínú ìwé náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń kọ ohun gbogbo nípa Jàpáànì. Wọ́n to gbogbo àyọkà wọn sójú kan, wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ipò, láti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù títí dé èyí tó pójú owó. Bí ẹnì kan bá kọ, ẹlòmíràn á yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì sí ọba láàárín wọn. Ó ní iṣẹ́ tó létò tó bẹ́ẹ̀, a lè fi kọ́ṣẹ́ ká tó wá kọ tiwa. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èrò Òwìwí ló borí.

Ìjàpá ló dìde. "Ẹ pe orúkọ mi kí n gbọ́. Ìjàpá! Nínú gbogbo wa, ta ló tún lè jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ní Jàpáànì?"

Inú àwọn ọ̀dọ́ ẹranko dùn, torí láti ọjọ́ yìí àwọn náà ti ń wá ọ̀nà àtijàpá. Bí wọ́n ṣe fẹnu kò nìyẹn.

Ẹ má rò pé wọn ò ṣiṣẹ́ o. Wọ́n ṣiṣẹ́ gidi. Ọ̀bọ kọ nípa àwọn ìbátan rẹ̀ ní Jigokudani, àwọn tó máa ń jókòó sínú omi gbígbóná nígbà tí yìnyín bá ń bọ́ lé wọn lórí. Àkùkọ, tó jẹ́ pé fújì ló fi ń jí, wọ ojú ewé Òkè Fuji lọ, ó lọ kọ Síkírù Àyìndé Barrister síbẹ̀. Ariwo ta. Wọ́n ní kí ni olórin Yorùbá ń wá lórí òkè Jàpáànì? Àkùkọ mú ẹ̀rí jáde pé Barrister fúnra rẹ̀ sọ ọ́, pé àwòrán òkè náà tí òun rí ní pápákọ̀ òfurufú ni òun ti mú orúkọ fújì. Wọ́n gbà fún un, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó lọ kọ ọ́ sójú ewé orin.

Ajá ló ṣe tirẹ̀ dé ojú àmì. Ó kọ nípa Hachikō, ajá tó ń lọ dúró de ọ̀gá rẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Shibuya. Ọ̀gá náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ueno, kú ní 1925. Ajá ò gbà. Ojoojúmọ́ ló ń lọ, títí òun náà fi kú ní March 1935. Bí Ajá Ìdànrè bá ti tẹ̀wé dé ibẹ̀, á sunkún, omi ojú á kán sórí fóònù, ìwé á pa dé, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ó wá kọ ọ́ pé lẹ́yìn ikú Hachikō ni wọ́n mọ ère rẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kejì, ẹnì kan ní Kyoto ti tún un ṣe: 1934 ni wọ́n ṣí aṣọ lójú ère náà, Hachikō gan-an sì wà níbẹ̀. Ẹni náà kò bú Ajá. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ajá tí ẹnikẹ́ni ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí gbó títí ilẹ̀ fi mọ́, Odòde ò sùn.

Ní ti Ìjàpá, ìtàn Urashima Tarō ló mú, apẹja tó gba ìjàpá òkun kan lọ́wọ́ àwọn ọmọdé, tí ìyẹn fi gbé e lọ sí ààfin ìsàlẹ̀ òkun. Ìjàpá kọ ọ́ pé bàbá àgbà òun ni, wọn ò sì tíì san owó ọkọ̀ fún ìdílé. Òwìwí pa á rẹ́. Ìjàpá dá a padà. Òwìwí tún pa á rẹ́.

Ìjà ńlá dé nígbà tó kan Tokyo. Ewúrẹ́ ní fífà ni kí wọ́n fi sórí lẹ́tà o méjèèjì, Tōkyō. Àgbò ní ìlú tí gbogbo ayé ti mọ orúkọ rẹ̀ kò nílò fífà. Ewúrẹ́ fi sí i, Àgbò yọ ọ́. Òfin kan wà nínú ìwé náà pé ẹni tó bá dá iṣẹ́ ẹlòmíràn padà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín wákàtí 24, wọ́n lè tì í mọ́ta. Wọ́n ti àwọn méjèèjì mọ́ta. Àwọn tó ń forí gbárí nítorí àmì orí Tokyo yìí, Idanre gbalaja ni wọ́n ń kọ orúkọ ìlú wọn, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀. Nígbà tí Ewúrẹ́ àti Àgbò fi wà lẹ́yìn odi, Ìjàpá ní kí wọ́n fi òun ṣe alábòójútó. Ta ló kù tí yóò jiyàn?

Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Nígbà tí wọ́n rí i tó ń fò bọ̀ wá sí ààfin lọ́sàn-án gangan, wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n Ìjàpá. Mo gbọ́ pé ẹ ti ń kọ gbogbo ayé sínú ìwé."

"A ń kọ ọ́. Kí lo fẹ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ìdílé mi sí i. Àpáta Ìdànrè yìí nìkan là ń gbé ní gbogbo ayé. Àwọn ọmọ wa kì í dàgbà nínú odò. Omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń ṣàn lójú àpáta ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́, tí wọ́n á máa ju ìrù."

"Ẹ̀rí dà?"

"Èmi rèé."

"Ta ló bi ọ́ léèrè ara rẹ? Mo ní ẹ̀rí."

Òwìwí tú ìwé. Ó rí i pé ní 1963, onímọ̀ kan láti Denmark, Arne Schiøtz, kọ nípa ìdílé ọ̀pọ̀lọ́ yìí, ó sì fi orúkọ Perret, onímọ̀ ará Switzerland, sọ wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọdún sì ti kọjá tí onímọ̀ kankan kò rí wọn mọ́.

"Perret ni wá báyìí?" ni Ọ̀pọ̀lọ́ bèèrè.

Ìjàpá ò dá a lóhùn. Ó ń tẹ̀wé: "Ọ̀pọ̀lọ́ Perret. Ó ṣeé ṣe kó ti run."

"Ẹ̀gbọ́n, mo dúró níwájú yín!"

"Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í wọ ìwé."

Ọ̀pọ̀lọ́ yọjú wo fóònù. Ó rí àyọkà gígùn kan nípa ewì kékeré tí Matsuo Bashō kọ ní 1686 nípa ọ̀pọ̀lọ́ kan tó fò sómi. "Èyí tó kàn fò sómi lẹ́ẹ̀kan," ló wí. "Èmi ńkọ́?" Wọ́n ní kó lọ wá akéwì tirẹ̀.

Kì í ṣe pé kò sẹ́ni tó rí àléébù òfin yìí o. Ní 2011, Achal Prabhala àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ohùn àwọn èèyàn sílẹ̀ ní Íńdíà àti Gúúsù Áfíríkà, kí wọ́n lè fi hàn pé Wikipẹ́díà lè lo ohùn ẹni tó mọ nǹkan bí ẹ̀rí. Ìjàpá ka ìròyìn yẹn. Ó yí ojú ewé kúrò kí ẹlòmíràn tó rí i.

Ẹni Kyoto ló tún da ọ̀rọ̀ rú. Ó kọ̀wé sí wọn: "Ẹ̀yin ará Ìdànrè, mo rí i pé UNESCO ti kọ òkè yín mọ́ àwọn ibi tó ń retí àtidi ogún àgbáyé láti 2007. Mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ lédè wa. Ẹ jọ̀wọ́, àtẹ̀gùn yẹn, mélòó ni?"

Kẹ́kẹ́ pa. Ajá ní 660. Ọ̀bọ ní 667 lòun kà níbì kan. Ẹmọ́ ní 682 ni. Olúkúlùkù ní ìwé tó tọ́ka sí, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tó yíjú wo ẹnu ọ̀nà, níbi tí àtẹ̀gùn wà. Ọ̀pọ̀lọ́ ní òun lè kà á, torí òun kì í fò ju ẹyọ kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n tó fọhùn, ó ti sọ̀kalẹ̀ dé ìdí òkè, ó ń kà á bọ̀, ó ń kọrin:

*Lílé:* Wọ́n ní n mẹ́rìí wá, mo mú ara mi wá
*Ègbè:* Fò fẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́, fò fẹ̀rẹ̀
*Lílé:* Wọ́n ní ara mi ò ṣeé kọ sílẹ̀
*Ègbè:* Fò fẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́, fò fẹ̀rẹ̀
*Lílé:* Ẹni tó mọ Fuji kò mọ Òkè Ọ̀rọ̀sùn
*Ègbè:* Fò fẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́, fò fẹ̀rẹ̀
*Lílé:* Ẹ jẹ́ n kà á, ẹsẹ̀ mi ló mọ̀ ọ́n
*Ègbè:* Fò fẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́, fò fẹ̀rẹ̀

Àwọn aláǹgbá tó ń yáàrùn lójú àpáta ń gbe orin fún un. Ó dé òkè, ó sọ iye tó kà. N kò ní sọ ọ́ fún yín, kí ẹnì kan má baà ní èmi náà ń ṣe ìwádìí tara mi. Torí ohun tí Ìjàpá sọ fún un gan-an nìyẹn. "Ìwádìí tara ẹni ni, òfin kò gbà á." Kí ìjà lè parí, Ìjàpá kọ 700. Ó ní iye tó rọ ahọ́n lọ́rùn ni.

Ó wá di 2013. Ọdún yẹn ni UNESCO gba Òkè Fuji wọlé. Ọ̀bọ tún ojú ewé rẹ̀ ṣe kí ọbẹ̀ tó hó. Ìdànrè ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọdún yẹn náà ni àwọn onímọ̀, Abiodun Onadeko àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gun Òkè Ìdànrè, wọ́n rí ìdílé Ọ̀pọ̀lọ́ níbi tó ti wà láti ọjọ́ tó ti wà, wọ́n sì kọ ọ́ jáde ní 2014. Ẹ̀rí dé! Ìjàpá ò jẹ́ kí Òwìwí fọwọ́ kan fóònù. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́: "Ọ̀pọ̀lọ́ tó sọnù fún ohun tó lé ní 40 ọdún."

Ọ̀pọ̀lọ́ kà á. Ó yọ "sọnù", ó kọ "tí wọn kò wá". Ìjàpá dá a padà. Ọ̀pọ̀lọ́ tún yọ ọ́. Ìjàpá ní ẹni tọ́rọ̀ kàn kì í kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, òfin ni. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, wọ́n ti Ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ta kúrò lójú ewé Ọ̀pọ̀lọ́.

700 yẹn ńkọ́? Ìwé ìròyìn kan rí i nínú Wikipẹ́díà, ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìjàpá rí ìwé ìròyìn náà, ó fò fáyọ̀, ó mú un wá sójú ewé Ìdànrè, ó fi ṣe ẹ̀rí 700. Ẹni Kyoto rí ẹ̀rí, ó gbé e lọ sí èdè tirẹ̀. Àwọn tó ń ṣètò ìrìn àjò rí i lédè méjèèjì, wọ́n gbé e fún àlejò.

Lọ́dún Àjíǹde tó tẹ̀ lé e, àwọn àlejò gun òkè, wọ́n ń kà á lọ lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, fóònù lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n dé òkè, àtẹ̀gùn tán, 700 ò pé. Wọ́n yí ààfin ká, wọ́n wo ẹ̀yìn kóòtù, ọ̀kan tiẹ̀ ń fọwọ́ tú koríko. Wọ́n rí Ọ̀pọ̀lọ́ níbi tó jókòó sí nínú omi àpáta, wọ́n bi í pé ibo ni àtẹ̀gùn tó kù wà.

Ọ̀pọ̀lọ́ ní kí wọ́n wọnú ààfin lọ, kí wọ́n béèrè Ìjàpá. Ilé ẹ̀ ló kó wọn sí.