Ilé-Ẹjọ́ Àwòrán Ẹ̀fẹ̀ ti Jókòó ní Làlúpọn

Bí ayàwòrán kan bá fi gbogbo òru ya ẹ̀fẹ̀ olójú mẹ́rin l'Ékòó, tó sì jù ú sórí Facebook ní ìdájí, kí ó tó bọ́jú tán ni wọ́n á ti dá a lẹ́jọ́ ní Mọ́níyà. Adájọ́ àkọ́kọ́ á ní kò pa òun lẹ́rìn-ín. Èkejì á ní ó pa òun lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹ̀kẹta ò tíì rí àwòrán náà rárá, torí nẹ́tíwọ̀kì ò jẹ́ kó ṣí. Òun gan-an ló sì kọ́kọ́ kọ kọ́mẹ́ǹtì.

Láti Akínyẹlé dé Ọ̀nà-Àrà, ká tó wá kan Lágelú àti Ẹ̀gbẹ́dá, iṣẹ́ adájọ́ àwòrán ti gbilẹ̀. Kò gba ìwé-ẹ̀rí, kò sì sí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Ẹ yà sí ìsọ̀ àwọn tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣájì fóònù ní Làlúpọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí kò bá síná, ìyẹn ni pé ọjọ́ tó bá ṣáà ti wù yín. Ọmọ iléèwé kan ni wọ́n á gbé fóònù fún, torí ojú rẹ̀ ríran, ó sì gbọ́ òyìnbó. Á ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sẹ́nu àwọn ará inú àwòrán, á túmọ̀ rẹ̀, á tilẹ̀ yí ohùn padà bó bá kan obìnrin. Àwọn àgbà á rẹ́rìn-ín, tàbí kí wọ́n pòṣé. Lẹ́yìn náà ni ìdájọ́.

"Kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ti rí i."

"Bàbá, kí ni ẹ rí?"

"Ìwọ ṣáà kọ ọ́. Lẹ́tà gàdàgbà ni kí o fi kọ ọ́, kí wọ́n lè gbọ́ l'Ábújà."

Ọmọ á kọ ọ́. Abújà ò tíì fèsì.

Kì í ṣe àná ni ìran yìí ti ń wo àwòrán ẹ̀fẹ̀. Ní àwọn ọdún 1940, Akínọlá Láṣekàn, tó máa ń fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀ ní "Lash", ń fi àwọn òyìnbó amúnisìn ṣe yẹ̀yẹ́ nínú West African Pilot, ìwé ìròyìn Nnamdi Azikiwe. Ìwé alàwòrán Atọ́ka tẹ̀ lé e: òṣèré tíátà gidi ni wọ́n ń yà ní fọ́tò níbẹ̀, Yorùbá sì ni wọ́n ń kọ sí wọn lẹ́nu. Nígbà tó di ọdún 1976, Wale Adénúgà gbé Ikebe Super jáde, ni Papa Ajasco àti Boy Alinco bá di ará ilé gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá fẹ́ sọ èrò ọkàn rẹ̀ láyé ìgbà yẹn ní láti ra bébà, ra àpò ìwé, kó sì wọkọ̀ lọ ra sítáǹpù ní pósófíìsì. Kí ará Ẹ̀rúnmu tó parí gbogbo ìrìnàjò yẹn, inú tó ń bí i á ti rọ̀. Sítáǹpù bo ọ̀pọ̀ ìtìjú láṣìírí.

Àwọn òyìnbó kan tilẹ̀ fojú di wa. Ní ọdún 1975, wọ́n ṣe ìwé alàwòrán kan tó ń jẹ́ Powerman fún ọjà Nàìjíríà. Dave Gibbons àti Brian Bolland, tí wọ́n padà di gbajúmọ̀ ní ìdí iṣẹ́ náà, wà lára àwọn tó yà á ní ìlú ọba. Wọ́n ní kí wọ́n fi nọ́ńbà sí ojú àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí òǹkàwé Nàìjíríà má baà ṣìnà. Ìwọ̀sí gidi ni. Wọn ò mọ̀ pé ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi kọ́mẹ́ǹtì, ni àwọn ará wa á ti máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, nọ́ńbà ò sì lè ran ìyẹn.

Ẹ wo ohun tí ojú ń rí nísàlẹ̀ yẹn. Ká ní ayàwòrán bíi Mike Asukwo, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ mọ́ ìwé ìròyìn BusinessDay, ya olóṣèlú kan tó gbé àpò owó ìlú sá lọ. Ẹnì kan á kọ pé: "Àmín. Tèmi náà á dé." Ẹlòmíràn á polówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù. Ẹni tó burú jù ni ẹni tó wo àwòrán olójú kan ṣoṣo, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí síbẹ̀, tó wá ń bínú béèrè pé: "Part 2 dà?"

Ta ló ń sanwó gbogbo ariwo yìí? Àwọn aládátà ń gba tiwọn, ìjọba sì ti fún wọn láyè ní oṣù kìíní ọdún 2025 láti fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó tí wọ́n ń gbà. Oní-jẹnẹrétọ̀ ń gba tirẹ̀ kí fóònù tó kan wáyà. Ayàwòrán nìkan ni wọ́n ń fi "Ẹ kú iṣẹ́" san tiẹ̀ fún. Láti ọdún 2013 tí Jide Martin ti dá Comic Republic sílẹ̀ l'Ékòó ni wọ́n ti ń fi ìtàn akọni bíi Guardian Prime síta lọ́fẹ̀ẹ́, síbẹ̀ ẹnì kan á ra dátà ẹgbẹ̀rún kan náírà kó lè ráyè bú wọn pé wọ́n pẹ́. Nígbà tí Tàfá Adéoyè ará Àkànràn àti àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ Àgbẹ́kọ̀yà kọ owó-orí lọ́dún 1968 sí 1969, wọ́n ní ìdí: owó kòkó ò tó ná. Ọmọ-ọmọ wọn tó kọ̀ láti ra ìwé àwòrán kan ò rí ìdí kankan sọ.

Ṣùgbọ́n ká má purọ́, àwọn ayàwòrán náà lẹ́jọ́ láti jẹ́. Iyanu tí Roye Okupe kọ, tó jáde ní ìwé lọ́dún 2021, tó sì dé orí Cartoon Network ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n kó gbogbo aṣọ àti ìtàn rẹ̀ jáde, òyìnbó ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Ohun tí Atọ́ka ṣe ní Yorùbá láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ iléèwé ló ń ṣe é ní Làlúpọn báyìí, ní ìdí wáyà ṣájà, láìgba kọ́bọ̀. Bí àwọn àgbà ibẹ̀ bá ṣi àwòrán gbọ́, ìdajì ẹ̀bi náà wà lọ́rùn ẹni tó yà á.

Ẹ̀yin ayàwòrán, ẹ wá ọmọ yẹn rí, kí ẹ gbà á síṣẹ́ ògbufọ̀. Yíyí ohùn padà tó ń ṣe yẹn nìkan tówó. Ẹ̀yin adájọ́, ẹ wo àwòrán kí ẹ tó sọ̀rọ̀, bó bá sì dùn mọ́ yín, ẹ ra ìwé rẹ̀ kan, ó kéré tán. Àpilẹ̀kọ yìí ò ní apá kejì.