Àgbà Wà Lọ́jà, Orí Rẹ̀ Wọ́

Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wọn ò tíì rí ọjà ìfẹ́ tí àwọn ará New York ń ná lórí fóònù. Níbẹ̀, ọmọ tuntun mọ orí ara rẹ̀ í gbé. Orí àgbà ló wọ́, tó tẹ̀ sórí fóònù, tí àtàǹpàkò ń ti ọmọge kan sọ́tùn-ún, òmíràn sósì.

N kò parọ́ mọ́ wọn. Christian Rudder, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ìkànnì ìfẹ́ OkCupid sílẹ̀ ní 2004, tú àṣírí ọjà náà nínú ìwé rẹ̀, Dataclysm, ní 2014. Bí obìnrin ṣe ń dàgbà ni ọkùnrin tó wù ú ń bá a dàgbà. Ọkùnrin ẹni ọdún 20, ọmọge ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wù ú. Ẹni 50 ńkọ́? Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní 20 náà ni! Ọgbọ̀n ọdún gorí ara wọn, ojú bàbá ò kúrò níbi tó ti ń wò.

Àwọn ọ̀dọ́ náà ní wèrè tiwọn o. Lórí áàpù ìfẹ́ Hinge, èèyàn lè fi gíga ṣe òfin. Ọmọge Brooklyn tí kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ á kọ ọkùnrin tí kò pé mẹ́fà, àfi bí ẹni tó ń wá òpó ilé. Ọkùnrin náà tún gbọ́dọ̀ máa dá gbé, nílùú tí owó ilé ti ń mú lọ́yà wá alábàágbé.

Àwọn ìyá àgbà ni mo gba tiwọn. Opó kan ní Bronx ka òfin tirẹ̀ sí mi létí: "Kó ní ilé tirẹ̀, kó sì máa sùn síbẹ̀. Ká jọ lọ òde ní Sátidé, kó gbé mi délé, kó máa lọ. Mi ò tún ní ka oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọkùnrin kankan mọ́."

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Flatbush ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ opó yìí. Wọ́n ti pé 58, wọ́n kọ 45 sórí fóònù. Fọ́tò ìgbà tí irun ṣì wà lórí ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá ti kọjá 30, kó má wulẹ̀ yọjú. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọge kan fèsì. Ẹ̀gbọ́n sáré wá awò:

"Ẹ kú alẹ́ sà, Dádì Tólá. Mọ́mì mi ní kí n kí yín. Ṣé Tólá wà nílé?"