Ìjàpá, Odídẹrẹ́ àti Ọ̀rọ̀ Onílẹ́tà Méje

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, ó dá lórí Odídẹrẹ́ oníkóódẹ, ó sì dá lórí gbogbo ẹranko igbó Olúwa ní Òdígbó.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, awakọ̀ agbégẹdú kan dúró ní Ọ̀rẹ̀ kí wọ́n bá a lẹ táyà. Rédíò rẹ̀ ń ké tantan, ìròyìn inú rẹ̀ sì dé etí àwọn ẹranko. Wọ́n ní ọmọ Nàìjíríà kan, Wellington Jighere, ti gba adé ayò Scrabble àgbáyé ní ìlú Perth, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Kò sí ọmọ Áfíríkà tó gbà á rí. Ó na ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Lewis Mackay, mẹ́rin sí òdo.

Ni Erin, alága àwọn ẹranko, bá pe ìpàdé sábẹ́ ìrókò. Ó ní: "Àwa náà yóò ta ayò yìí. Ẹni tó bá borí ni yóò di Ojú Ìlú. Ohunkóhun tí ọmọ ènìyàn bá kọ sínú igbó, òun ni yóò máa kà á fún wa. Òun náà ni yóò kọ́kọ́ mú nínú èso." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àárín igbó gan-an ni wọ́n fi ìdíje náà sí, nítorí etí títì Ọ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹran ìgbẹ́ yíyan kọ́ sórí igi, kì í ṣe ibi tí ẹranko onílàákàyè ti í ṣeré.

Ọ̀bọ ka òfin. Ojúlé 225 ló wà lójú ọpọ́n. Ọmọ ayò 100 ló wà nínú àpò, méjì nínú wọn kò ní lẹ́tà lára. Méje méje lẹnì kọ̀ọ̀kan ń mú. Ẹni tó bá fi méjèèje kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, wọn á fi 50 jin ín. Q àti Z tí kò sí nínú ábídí Yorùbá, mẹ́wàá mẹ́wàá ni, X, mẹ́jọ.

Ọ̀kẹ́rẹ́ nawọ́. "Tí mo bá kọ ọ̀rọ̀ tán, ṣé n óò sọ ìtumọ̀ rẹ̀?"

Ọ̀bọ ní: "Òfin ò béèrè ìyẹn. Kó ṣáà ti wà nínú ìwé." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ará oko ni Ọ̀kẹ́rẹ́.

Ìjàpá kò mọ̀ ọ́n kọ, kò mọ̀ ọ́n kà. Ó gba ilé Odídẹrẹ́ lọ. Odídẹrẹ́ ti gbé inú àgò rí nílé tíṣà kan ní Ọ̀rẹ̀, ó sì ti há gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé atúmọ̀ èdè sórí láti ẹnu àwọn ọmọ tó ń kàwé.

Odídẹrẹ́ ní: "Àmọ́ n kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ o."

"Ta ló bi ọ́? Ṣé o ò gbọ́ nípa Nigel Richards ará New Zealand ni? Kò gbọ́ Faransé, síbẹ̀ ó gba adé Scrabble ti èdè Faransé lọ́dún yìí kan náà. Ó kàn kó ọ̀rọ̀ wọn sórí ni. Wá, jẹ́ ká jọ jẹun."

Ọjọ́ ìdíje pé. Odídẹrẹ́ fara pamọ́ sáàárín ewé, Ìjàpá fi orin pè é:

Lílé: Odídẹrẹ́ o, wá kà á fún mi
Ègbè: Tẹrẹ́nà, ká sáà ka lẹ́tà
Lílé: Má wí ìtumọ̀, sọ iye fún mi
Ègbè: Tẹrẹ́nà, ká sáà ka lẹ́tà
Lílé: Bí mo bá joyè, wàá jẹyìn ọ̀pẹ
Ègbè: Tẹrẹ́nà, ká sáà ka lẹ́tà

Odídẹrẹ́ á sì rọra sọ ọ̀rọ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti iye wọn sí i létí. Erin ń wá ọ̀rọ̀ gàgàrà tó yẹ alága. Títí yóò fi rí i, àyè ti tán lójú ọpọ́n. Onílẹ́tà márùn-ún ni Ìjàpá ń kọ, tó ń fi ọmọ ayò tó dára pamọ́, bí àwọn ọmọ Nàìjíríà ṣe ń ṣe é. Nígbà tó kọ FELTY, tí Jighere fi gba máàkì 36 ní Perth, igbó mì tìtì. Àwọn àgbà tí ogun abẹ́lé 1967 ṣojú wọn ní "ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀" náà kò pariwo tó báyìí. Wọ́n fi Ìjàpá jẹ Ojú Ìlú.

Kò pẹ́, àwọn ọkùnrin kan wọ igbó. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára igi kọ̀ọ̀kan, wọ́n kan pátákó mọ́ ìrókò, wọ́n lọ. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ojú Ìlú. Ìjàpá kọrin, Odídẹrẹ́ dáhùn láti òkè: "FELLING!"

Ìjàpá wúkọ́. "F, mẹ́rin. E, kan. L, kan. L, kan. I, kan. N, kan. G, méjì. Mọ́kànlá. Lẹ́tà méje ló pé yìí! Ẹ fi 50 lé e: 61!"

Ijó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní: "Kí ló ń sọ?"

Erin ní: "A jẹ 61, ìwọ ń béèrè ohun tó ń sọ!"

Ọ̀kẹ́rẹ́ wo nọ́ńbà pupa tó wà lára igi ilé rẹ̀. Lóru ọjọ́ náà, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó sọdá odò Olúwa.

Ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ agégi ké wàà! Ìrókò wó, arère wó. Erin figbe ta, ó ní kí ló dé? Ọ̀kan nínú àwọn agégi ní: "Ẹ ò ka pátákó ni? A ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ó gé igi." Àwọn tó sá gba ọ̀nà títì, ẹ má bi mí léèrè wọn. Ẹni tó bá gba Ọ̀rẹ̀ kọjá yóò bá wọn lórí igi.

Àwọn tó kù yí Ìjàpá ká: "Ojú Ìlú, kí lo kà fún wa?" Ìjàpá fa orí sínú igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Ìdí rèé tó fi ń fa orí wọlé títí dòní bí wọ́n bá fẹ́ bi í ní ọ̀rọ̀. Erin ní kí wọ́n má ṣe dá a lẹ́bi. Lẹ́tà méje ló kéré jù. Ní ìdíje tó ń bọ̀, mẹ́jọ mẹ́jọ ni wọn yóò máa mú.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká, ìdí àlọ́ mi rèé gbàǹgbàlàkà. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró. Bí n kò bá purọ́, kó ró lẹ́ẹ̀mẹta: pó, pó, pó.

Àlọ́ yìí kọ́ wa pé ẹni tó bá mọ ayò ta, ẹ fún un ní adé ayò, ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò máa kàwé fún ìlú, ẹ bi í ní ìtumọ̀ kí ẹ tó pàtẹ́wọ́.