Ìjàpá Ní Òun Kọ́ Ló Rán Ọ̀kẹ́rẹ́

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, àti Ọ̀kẹ́rẹ́ ájẹ́ǹtì.

Nígbà tí owó ilẹ̀ Èkó kọjá agbára mẹ̀kúnnù, gbogbo ẹranko kọjú sí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, wọ́n ń wá ilẹ̀ rà ní Mowé àti Ìbàfò. Ìjàpá ní ilẹ̀ rẹpẹtẹ ní Mowé. (Bó ṣe rí i, ẹ bi àwọn àna rẹ̀.) Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí wọ́n rí ojú òun nídìí ọjà náà, nítorí ẹni tí a ò bá rí la ò lè dì mú. Ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù onípákó fún Ọ̀kẹ́rẹ́ lẹ́bàá títì, ó gbé òǹtẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó sì pe gbogbo ẹranko jọ.

"Ohun tí Ọ̀kẹ́rẹ́ bá wí, èmi ni mo wí i. Ẹni tó bá sanwó fún un, èmi ló san án fún."

Èrò túká tán kó tó fa Ọ̀kẹ́rẹ́ létí: "Ilẹ̀ orí òkè nìkan ni o máa tà o. Má fọwọ́ kan àbàtà. Má sì tà á ní gbàǹjo." Ọ̀kẹ́rẹ́ nìkan ló gbọ́ èyí. Ẹ fi sọ́kàn.

Ewúrẹ́ opó ló kọ́kọ́ dé. Owó ń wọ́n Ọ̀kẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà, ló bá ta plọ́ọ̀tì kan fún un ní gbàǹjo, ó tẹ òǹtẹ̀ mọ́ rìsíìtì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Àgbò dé. Àbàtà ti gbẹ kanrinkanrin, Ọ̀kẹ́rẹ́ sì búra fún un pé omi kì í débẹ̀ láéláé. Àgbò sanwó, Ọ̀kẹ́rẹ́ sì kó o lọ bá Ìjàpá.

"Owó kí nìyí?"

"Ti àbàtà ni, ọ̀gá."

Ìjàpá lanu láti bínú, ó wo owó, ó pa ẹnu dé. Ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí Yánníbo lọ ra iṣu, epo àti edé. Wọ́n fi se àsáró, Ìjàpá lá ìkòkò mọ́lẹ̀ kedere.

Òjò dé, ọ̀pọ̀lọ́ kún ìpìlẹ̀ ilé Àgbò. Ìjàpá bá Ọ̀kẹ́rẹ́ jà, ó gba òǹtẹ̀ rẹ̀, ó sì sọ fún Pẹ́pẹ́yẹ lójúkojú pé òun ti lé e. Síbẹ̀, Pẹ́pẹ́yẹ lọ ra ilẹ̀ lọ́wọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ lóru ní Ìbàfò, torí pé ó pọ́ọ́kú.

Nígbà tí gbogbo àwọn tó ra ilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà Ìjàpá, ó ní òun ò rán ẹnikẹ́ni. Ó tiẹ̀ ti ń kó ìjàlọ jọ láti lé Ewúrẹ́ kúrò, kí wọ́n tó rán an létí òfin tó de àwọn ajagungbalẹ̀, tí Gómìnà Amosun ti Ìpínlẹ̀ Ògùn fọwọ́ sí lọ́dún 2016. Ló bá dá ìjàlọ padà, ó ní kí ẹjọ́ lọ sí Ìfọ̀, torí pé wọn ò mọ òun níbẹ̀. Ìgbín ni adájọ́. Ẹjọ́ ilẹ̀ nílẹ̀ wa, ta ni ì bá tún gbọ́ ọ?

Wọ́n ní kí Ọ̀kẹ́rẹ́ rojọ́, ó fi orin sí i:

*Lílé:* Ta ló rán Ọ̀kẹ́rẹ́ níṣẹ́?
*Ègbè:* Kẹ̀rẹ̀jẹ̀ǹjẹ́!
*Lílé:* Ìjàpá ló kọ́ ṣọ́ọ̀bù fún mi,
*Ègbè:* Kẹ̀rẹ̀jẹ̀ǹjẹ́!
*Lílé:* Ó ní n tẹ òǹtẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́,
*Ègbè:* Kẹ̀rẹ̀jẹ̀ǹjẹ́!
*Lílé:* Owó àbàtà dé, ó fi seṣu,
*Ègbè:* Kẹ̀rẹ̀jẹ̀ǹjẹ́!
*Lílé:* Ó jẹ é tán, ó ní òun ò mọ̀ mí,
*Ègbè:* Kẹ̀rẹ̀jẹ̀ǹjẹ́!

Akọ̀wé kóòtù pàápàá ń gbè é.

Odídẹrẹ́, lọ́yà Ìjàpá, dìde. "Olúwa mi, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọ̀kẹ́rẹ́ fi tolè jẹ́ ẹ! Oníbàárà mi ò rán an! Oníbàárà mi ò rán an!"

Ìgbín yọ orí díẹ̀díẹ̀. "Nínú ẹjọ́ kan tí wọ́n dá lọ́dún 1912, akọ̀wé kan ní ọ́fíìsì lọ́yà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló tan opó kan tó ń jẹ́ Lloyd, ó gba ilé rẹ̀. Ọ̀gá akọ̀wé ní òun ò mọ̀, òun ò sì jẹ kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ọ̀gá ló gbé akọ̀wé jókòó síbẹ̀, ọ̀gá ni yóò san án. Ẹni tí kò jẹ kọ́bọ̀ nìyẹn o. Ìwọ tó jẹ àsáró ńkọ́?"

Odídẹrẹ́ jókòó.

"Ọ̀rọ̀ tí o sọ sétí Ọ̀kẹ́rẹ́, ṣé Ewúrẹ́ gbọ́ ọ? Ilẹ̀ tó rà di tirẹ̀. Àbàtà, o ò rán an tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí o mọ̀ tí o sì jẹ owó rẹ̀, o ti rán an nìyẹn, àti irọ́ tó fi tà á. Dá owó Àgbò padà. Pẹ́pẹ́yẹ, ìwọ mọ̀ pé wọ́n ti lé e. Lọ bá ẹni tó gba owó rẹ."

"Èmi ńkọ́?" ni Ìjàpá fi igbe ta. "Ta ni yóò san tèmi?"

"Ọ̀kẹ́rẹ́ ni. Ó tàpá sí ọ̀rọ̀ rẹ, ó jẹ ọ́ ní gbèsè. Mú un."

Ọ̀kẹ́rẹ́ ti gorí ìrókò, ojú ọdẹ ti dá. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ karùn-ún, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tuntun ní Ìbàfò, pẹ̀lú òǹtẹ̀ tuntun. Lọ́yà Odídẹrẹ́ ló gbé e lé e lọ́wọ́.